Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọ̀gágun Rí Lójú Kọ̀ǹpútà
(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan láti Rumuokoro bá wa sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

 

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi ń ṣe eré ogun kan sínú kọ̀ǹpútà. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa ni, láti ìgbà tí ọmọ ogun ìjọba gúnlẹ̀ sí Bonny ní July 1967 títí wọ́n fi gba Port Harcourt ní May 1968. Ó ní kí n wá wò ó. Mo rí àwòrán ilẹ̀, mo rí àpótí kéékèèké lórí rẹ̀, nọ́ḿbà méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan! Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ogun nì yí ni, tàbí ìwé owó orí?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, gbogbo rẹ̀ ni ó wúlò."

Kò parọ́. Ọpọ́n ayò ní ihò 12 àti ọmọ 48, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun ní irú, ó ní iye, ó ní ọta, epo àti àárẹ̀.

Ní 1824, Reisswitz, ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan ní Prussia, gbé eré ogun kan kalẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ gidi, pẹ̀lú ègé pupa àti ègé aláró. Adájọ́ nìkan ni ó ń rí ohun gbogbo. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun ní àmì tiwọn: àpótí tí ìlà méjì dábùú ara wọn nínú rẹ̀, bí ìgbànú lórí àyà, ni ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí ó ní àmì bí ẹyin ni ọkọ̀ ogun onírin. X kan lókè ni brigade, XX ni division. Nínú Panzer General, eré kọ̀ǹpútà ti 1994, nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni ó wà lábẹ́ àwòrán ọmọ ogun, 10 ni ó sì kún. Bí o bá mú wọn ni o tó rí ọta àti epo.

Mo ní kí ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo rán 10 kan lọ kọlu ọ̀tá. Wọn kò ní ọta kankan lọ́wọ́, wọ́n sì run. Inú bí mi, bí ẹni pé ọmọ ogun gidi ni! Mo ní kí àmì kan máa yọ fúnra rẹ̀ bí ọta bá ń tán, kí ó sì ní ìrísí tirẹ̀, nítorí ojú àwọn ọkùnrin mìíràn kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé.

Ibẹ̀ ni ìyá onílé wa ti wọlé. Ọmọdé ni ní 1968, nígbà tí wọ́n sá kúrò nílé. Ó fi pijin bèèrè ohun tí 10 tí ó di 3 jẹ́. Ọmọ mi ní ọmọ ogun ni. Ìyá wo àwòrán ilẹ̀ náà títí, ó ní, "Àwa dà?"

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi àwọn tí ń sá sí ojú ọ̀nà, tí ọ̀gágun kankan kò lè pàṣẹ fún. Àmì tí yóò fún wọn ni kò tíì rí.