Irun Orí, Irùngbọ̀n àti Òfin Ológun

Ọ̀rọ̀ irun ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irun ọ̀ṣọ́. Irun àwọn tí ń wọ aṣọ ìjọba ni, àwọn sójà àti ọlọ́pàá, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan ni ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Sùúrùlérè ni wọ́n ń gbé, kò jìnnà sí Òjúẹlẹ́gba, níbi tí bárékè Abalti wà. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń rí àwọn sójà tí ń wọlé tí ń jáde níbẹ̀, ó sì ti pinnu pé iṣẹ́ ológun ni òun yóò ṣe. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ bábà kí wọ́n gé irun òun mọ́lẹ̀, kí ojú òun lè mọ́ ọn kí ọjọ́ tó dé. Ìyá rẹ̀ fárígá.

“Bọ̀dá mi, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀! Orí tí mo ti ń di ṣùkú sí láti ọdún 17, kí wọ́n wá fá a bí orí opó? Ọkọ wo ni yóò fẹ́ ẹ?”

Ọmọ náà ní, “Màámi, ṣebí wọ́n ń gé ti àwọn ọkùnrin náà?”

Èsì yìí ni ó mú mi ronú. Bí a bá fi òfin kan náà de akọ àti abo, ṣé ó parí síbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí òfin. Akoto gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa lórí sójà. Ohun tí ó fi ń bojú nígbà tí èéfín olóró bá wà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ojú pinpin. Bí irùngbọ̀n bá wà láàárín, èéfín yóò gba ibẹ̀ wọlé. Irun gígùn lè há sínú ẹ̀rọ, ọ̀tá sì lè rí i dì mú. Àwọn ìdí wọ̀nyí kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

Ṣùgbọ́n òfin mìíràn wà tí ojú lásán ni ó ń tẹ́ lọ́rùn. Títí di ọdún 2021, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí obìnrin gé irun mọ́lẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin lè fá tirẹ̀ kodoro. Ẹ ò rí nǹkan! Àbúrò mi ń sunkún pé wọn yóò gé ti ọmọ rẹ̀. Lọ́hùn-ún, bí ó bá fẹ́ gé e, wọn kò ní gbà fún un. Kí ni orí kodoro obìnrin fi ń dí ìbọn lọ́wọ́? Ní ọdún náà ni wọ́n yí i padà, wọ́n sì gba yẹtí kékeré láyè pẹ̀lú.

Ọkùnrin náà ní tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bábà ní Adéníran Ògúnsànyà, ẹ mọ ọkùnrin tí abẹ́ kì í kan àgbọ̀n rẹ̀ kí ó má yọ kókó. Irun àwa aláwọ̀ dúdú a máa ká; bí a bá fá a, ẹnu rẹ̀ a tún wọnú awọ padà, ibẹ̀ a sì wú. Nítorí náà, òfin pé kí gbogbo sójà máa fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́ kò rọrùn bákan náà fún gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ní ìparí oṣù Mẹ́ta ọdún 2024 ni àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba irùngbọ̀n láyè, kí ó sáà wà ní gígé, kí ó má sì gùn ju mìlímítà 25.5 lọ, níbi tí èéfín olóró bá ti ṣeé ṣe, wọ́n lè pàṣẹ kí wọ́n fá a. Òfin bẹ́ẹ̀ wù mí, nítorí ó sọ ìdí ara rẹ̀.

Nílé níbí ńkọ́? Ọdún 1955 ni obìnrin wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà. Ní oṣù Mẹ́ta ọdún 2022, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ìgbà náà, Usman Alkali Baba, gbà kí àwọn obìnrin ọlọ́pàá tí ó bá fẹ́ máa wé ìborí sábẹ́ fìlà, kí wọ́n sì lo yẹtí kékeré. Àwọn kan pariwo pé aṣọ kò ní dọ́gba mọ́. Ìborí tí ó lẹ̀ mọ́rí lábẹ́ fìlà kò tíì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti mú olè, ní tèmi.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le ju irun lọ nìyí. Àbúrò mi ń bẹ̀rù pé irun yóò lé ọkọ sá. Mo ní kí ó gbọ́ ohun tí òfin fúnra rẹ̀ ṣe. Ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá ti ọdún 1968, ẹsẹ 124, sọ pé obìnrin ọlọ́pàá tí ó bá fẹ́ lọ́kọ gbọ́dọ̀ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà, kí ó kọ orúkọ àti iṣẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́pàá kò kọ ìwé kankan. Ẹsẹ 127 tún ní kí wọ́n lé obìnrin tí ó bá lóyún láìlọ́kọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó fún un lóyún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́pàá, ń gba owó oṣù rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó fagi lé ẹsẹ 124. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ní Àkúrẹ́, fagi lé ẹsẹ 127 nínú ẹjọ́ obìnrin ọlọ́pàá kan tí wọ́n lé ní Èkìtì.

Ọmọ wa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rán wa létí pé láti ọdún 1964 ni ilé-ẹ̀kọ́ ológun ti wà ní Kàdúná, ọdún 2011 ni wọ́n sì tó gba obìnrin sí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún rẹ̀. Ibẹ̀ ni Tolúlọpẹ́ Arótilé ti kẹ́kọ̀ọ́, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa hẹlikópítà ogun ní Nàìjíríà, ní ọdún 2019, kí ó tó kú ní 2020. Ìyá rẹ̀ dákẹ́ nígbà tí ó gbọ́ orúkọ yẹn.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a jọ lọ sọ́dọ̀ bábà. Bí irun ti ń bọ́ sílẹ̀ ni àbúrò mi ń ṣa á sínú ọ̀rá, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó parí, bábà kọjú sí mi, ó ní, “Bàbá, ṣé kí n bá yín gé irùngbọ̀n yín náà?” Mo ní kò tíì sí ẹni tí ó gbà mí síṣẹ́ ológun.