Bí Ẹ́ńjìnì Bá Ń Yí Tí Kò Fẹ́ Sítáàtì

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ olówùú sọ ní ọjà Arzèkè, Parakou

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ wa díẹ̀, ariwo ọjà pọ̀.

Lónìí, a ò sọ̀rọ̀ kòkòrò, a ò sì sọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ẹ ti ká òwú, ẹ ti wọ̀n ọ́n, ó ti wà lẹ́yìn bâchée. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń ké wùrù-wùrù, kò sítáàtì. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ á máa yí i lọ títí bátìrì á fi kú. Ìṣòro kan á wá di méjì. Ẹ yí i fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún un yí.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí kíákíá bó ṣe máa ń yí, bátìrì kò ṣẹ̀, démarreur náà kò ṣẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín ra bátìrì tuntun. Epo, afẹ́fẹ́ àti iná ni ẹ́ńjìnì ń wá, ọ̀kan nínú wọn ni kì í sábà dé ibi tó yẹ.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ rántí pé òwú ló wà lẹ́yìn yín. Bí iná bá wọ inú òwú, ó lè máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsí ọwọ́ iná kankan tẹ́ ẹ máa rí. Ẹni tó bá fẹ́ tú páìpù epo tàbí kó yẹ iná búgí wò (àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní plọ́ọ̀gì), kó kọ́kọ́ sọ òwú kalẹ̀ sí ibi tó jìnnà. Bí kò bá sí ààyè láti sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ kàn wò, ẹ gbọ́, ẹ gbóòórùn, kó tán síbẹ̀. Kò sí sìgá, kò sí fìtílà. Ẹ fi iná fóònù ríran. Àṣà kí wọ́n máa da bẹntiróòlù sẹ́nu kábúrétọ̀ kí ọkọ̀ lè sítáàtì, a ò fẹ́ rí i nídìí òwú rárá.

Epo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé ó wà nínú táǹkì? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ aago nìkan, ó lè ti bàjẹ́. Ẹ wá bi awakọ̀ pé níbo ló ti ra epo. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni owó kpayo ti gòkè, ẹni tó bá ń wá èyí tó pọ́ọ́kú ní láti la ojú rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa wà, ẹ ó sì rí ilà láàárín wọn. Ẹ kán díẹ̀ sórí bébà pẹ̀lú: bẹntiróòlù gidi á gbẹ, ṣùgbọ́n bí kẹrosíìnì tàbí gasoil bá wà nínú rẹ̀, ọ̀rá á kù sórí bébà. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ gasoil ni wọ́n da bẹntiróòlù sí, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ mọ́ rárá, nítorí á ba pọ́ǹpù jẹ́. Ẹ gbẹ́ táǹkì náà.

Lára ọkọ̀ bẹntiróòlù, ẹ gbóòórùn ẹnu páìpù èéfín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yí i. Bí ẹ ò bá gbóòórùn epo, epo kò dé ẹ́ńjìnì: asẹ́ epo ti dí, tàbí pọ́ǹpù kò ṣiṣẹ́. Bí òórùn rẹ̀ bá ń ta yín nímú, epo ti dé, iná búgí ni ó kù, tàbí epo ti pọ̀ jù tó sì ti mú búgí tutù.

Ti gasoil yàtọ̀, kò ní búgí tó ń ṣáná. Bí epo rẹ̀ bá ti tán rí lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù. Ẹ tú ìdè kékeré tó wà lórí asẹ́ epo, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tó wà nítòsí rẹ̀ títí epo á fi jáde láìsí ìfófòó, kẹ́ ẹ tó dè é. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, kẹ́ ẹ dúró kí iná pupa tàbí iná ìyeyè tó ń mú ẹ́ńjìnì gbóná kú ná.

Asẹ́ afẹ́fẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀: eruku ọyẹ́ àti ìhùhù òwú máa ń dí i. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó gba èbúté Cotonou wọlé ní kọ́kọ́rọ́ tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Bí iná tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ bá ń ṣẹ́jú, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ kejì wá.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí fẹ́rẹ́ jù bó ṣe máa ń yí lọ, bí ẹni tí kò ru ẹrù, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì inú ti já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i mọ́. Bí ẹ bá ń yí i, àtúnṣe rẹ̀ lè gbówó gidi lọ́wọ́ yín.

Kí ẹni tó bá fọwọ́ kan epo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó padà sídìí òwú, torí òwú tó lábàwọ́n epo, wọn kì í kà á mọ́ ipò kìíní. Bí ẹ bá wá fẹ́ pe mẹkáníìkì, ẹ sọ fún un bóyá ọkọ̀ gasoil ni tàbí ti bẹntiróòlù, bó ṣe ń yí, bóyá òórùn epo wà, àti ìgbà tẹ́ ẹ rà á kẹ́yìn. Á mọ irinṣẹ́ tó máa gbé dání.