Ìwé Tó Ń Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ìlú ni mo gbé wá, èyí tó jẹ́ ti tolówó ti tálákà.

Lápá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Norway, erékùṣù wẹ́wẹ́ pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, àwọn tó ń gbé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó ohun tí ìjọba ń kọ́ ilé ìkàwé fún. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kó ìwé sọ́kọ̀ ojú omi. Ọdún 1959 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ní 1963, wọ́n kan ọkọ̀ tirẹ̀ fún un, Epos lorúkọ rẹ̀, ó lè gbé ìwé bí 6,000. Bó bá ti gúnlẹ̀, tọmọdé tàgbà á dá èyí tí wọ́n ti kà padà, wọ́n á yá òmíràn. Ọkọ̀ náà a tún máa gbé òṣèré dání! Títí di 2020 ló fi ń rìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Ní 1953, UNESCO pe àwọn onímọ̀ jọ sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú náà, Yunifásítì Ìbàdàn tòní, láti jíròrò bí ilé ìkàwé ìlú ṣe máa gbèrú ní Áfíríkà. Ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ṣòfin ilé ìkàwé tirẹ̀ ní 1955, wọ́n sì ṣílé ìkàwé ńlá sí Enugu ní 1959. Ní Gánà láyé ìgbà náà, àpótí ni wọ́n ń di ìwé sí ránṣẹ́ sáwọn ìlú tó jìnnà.

Omi kò yí Mọ́kọ́lá, àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ká bíi ti Norway. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tí kì í tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìgbà wo ló fẹ́ dé ilé ìkàwé tó ti tìlẹ̀kùn nírọ̀lẹ́? Òun gan-an ni mo ń rò. Àpótí ìwé kan ní gbọ̀ngàn àdúgbò, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ìwé Fágúnwà, ìwé ìlera, ìwé iṣẹ́ ọwọ́, ti àwọn ọmọ iléèwé náà. Kí ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, kó máa kọ orúkọ ẹni tó yá ìwé àti ọjọ́ tó máa dá a padà. Lóṣooṣù, kí àpótí Mọ́kọ́lá lọ sí àdúgbò Sábó, kí ti Sábó wá sí Mọ́kọ́lá, kí ẹni tó ti ka ti àdúgbò rẹ̀ tán lè rí tuntun kà.