Fọ́tò Inú Ẹyinjú

 

Ojú ni a fi ń kàwé. Ẹni tí ó di ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó mọ ìwé kà, kò yẹ kí ojú rẹ̀ fọ́ ní ọgọ́ta. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àtọ̀gbẹ àti ojú.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ní àtọ̀gbẹ. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ń ṣe.

Awọ fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn, nínú ẹyinjú. Òun ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ni ó ń bọ́ ọ. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a máa ba àwọn iṣan yìí jẹ́. Òmíràn a jò, òmíràn a dí. Ojú a wá bẹ̀rẹ̀ sí hu iṣan tuntun. Ẹ má rò pé ó dára o! Ó dà bí afọ̀mọ́ lórí igi kòkó: ó tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ìparun igi ni. Iṣan tuntun náà kò lágbára. Ó lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ kún inú ojú. Ó lè fa awọ náà kúrò ní àyè rẹ̀. Ojú a sì fọ́.

Èyí tí ó burú jù ni pé kì í dunni. Ènìyàn lè máa ríran kedere, kí iṣan búburú ti máa hù. Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Fọ́tò ni.

Wọ́n kán oògùn sí mi lójú kí ọmọlójú lè fẹ̀. Ó ta mí díẹ̀. Mo gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, iná kọ yẹ̀ẹ̀, ó parí. Ojú mi ń ṣe bàìbàì fún wákàtí díẹ̀, nítorí náà ọmọ mi ni ó mú mi lọ sílé.

Ṣùgbọ́n fọ́tò kan kò tó. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù a máa fi ìwé èṣí wé ti ọdún yìí. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà ń ṣe. Ní ọdún kẹta, ó nawọ́ sí àwòrán, ó ní, "Bàbá, ẹ wo ibí. Èyí kò sí níbẹ̀ lésìí." Àyà mi já. Èmi tí mo rò pé ojú mi dá ṣáṣá!

Wọ́n tún gún omi aláwọ̀ òféèfèé kan sí iṣan apá mi. Ó dé ojú, fọ́tò sì fi ibi tí ó ń jò hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Novotny àti Alvis, ni wọ́n gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1961. Ìtọ̀ mi pọ́n ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ lésà tọ́jú mi. Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún fún un. Ìtọ́jú lè má dá ìríran tí ó ti lọ padà, ṣùgbọ́n ó ń dáàbò bo èyí tí ó kù. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó lọ ya fọ́tò ojú lọ́dọọdún, bí ó tilẹ̀ ń ríran dáadáa. Kí ó ṣọ́ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ohun dúdú bá ṣàdédé ń fò kiri lójú rẹ̀, kí ó má ṣe di ọ̀la.

Ẹ mú ìwé yín. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọjọ́ tí ẹ ó lọ sílẹ̀.