Ẹ Jẹ́ Kí A Gun Òkè Ìdànrè

   Àwọn ará Omífunfun àti gbogbo agbègbè Ore pẹ̀lú Odígbó ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì lónìí, nítorí pé ìsinmi gígùn ti ń kan ilẹ̀kùn, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ sì máa ń bi mí ní ọdọọdún: "Tíṣà, níbo ni kí á lọ?"

Èsì tí wọ́n máa ń retí ni Èkó. Ọmọ tó bá lọ sí Èkó nígbà ìsinmi, bí ó bá padà dé, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn mọ́ nínú kíláàsì. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí Èkó o. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ gbogbo afárá Èkó, kí ó má sì mọ Òkè Ìdànrè, ìyẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Omífunfun mọ igbó, ẹ mọ oko kòkó, ẹ mọ ọ̀pẹ, ẹ sì mọ ariwo ọkọ̀ agégẹdú lójú títì. Ṣùgbọ́n níbi tí igi bá dí, ojú kì í rí jìnnà. Mo ti rí ọmọkùnrin kan láti apá ọ̀dọ̀ yín, kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, tó dúró ní ẹsẹ̀ òkè náà, tó gbé orí sókè títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Ìbéèrè ńlá ni ọmọ yẹn bi. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta sọ pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Nígbà náà ó gbóná, ó rí bí ẹ̀kọ tó ń hó nínú ìkòkò. Nítorí pé ilẹ̀ tó bò ó nípọn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ó ń tutù, àwọn ẹyọ inú rẹ̀ sì rí àyè dàgbà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí àwọn ègé funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú nínú òkúta náà, tí òmíràn tóbi tó oríkèé ìka. Gíránáìtì ni wọ́n ń pe irú òkúta bẹ́ẹ̀. Òjò àti odò wá ń gbá ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ fún iye ọdún tí ẹnu kò lè kà, títí òkúta fi yọ orí síta. Bí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ti kúrò, ara tù ú, ó nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí orí àwọn òkè náà fi rí róbótó, tí kò sí ṣóńṣó lórí wọn. Àwọn kan nínú wọn ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò le. Láti Ore ẹ ó wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó, láti Oǹdó sí Àkúrẹ́, láti Àkúrẹ́ ẹ ó wá yà sí Ìdànrè, kò sì tó 30 kìlómítà. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n ń pè pọ̀ ní Ìdànrè nísinsìnyí: Odòde, Aládé àti Atọ́sìn. Odòde ni ẹ ó ti gun òkè. Ẹ ó rí i pé òkúta dúró lẹ́yìn ilé àwọn ènìyàn bí àgbà tó ń ṣọ́ ọmọdé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ lọ wò. Ìlú wà lórí òkè náà. Mo ní ìlú o, kì í ṣe abà. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé òkè, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ùfẹ̀ Òkè, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà lónìí ní nǹkan bí ọdún 1923. Ìtàn wọn sọ pé láti Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá, àti pé ẹni tó kọ́kọ́ rí ibẹ̀ pariwo pé, "Ìdán rè é!", ohun tó sì di orúkọ ìlú náà nìyẹn.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni ènìyàn ń wá lórí àpáta, nígbà tí ilẹ̀ tó dára fún oko wà nísàlẹ̀? Ẹ̀yin ará Ore kò yẹ kí ẹ bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí ogun ń jẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra ré kọjá odò Ọya tí wọ́n sì forí lé Èkó, Ore ni wọ́n dé tí wọn kò fi lè lọ mọ́, títí di òní ni àwọn ènìyàn sì ń wí pé, "Ó le kú, ìjà Ore." Ẹ wá ro ti ayé àtijọ́, tí kò sí títì, tí kò sí ọlọ́pàá, tí àwọn akónilẹ́rú ń rìn kiri. Bí ọ̀tá bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹni tó wà lórí òkè ti rí i tipẹ́. Ẹni tó ń gun òkè bọ̀ kò lè sáré, ẹni tó wà lókè kò sì ní ju kí ó yí òkúta sílẹ̀ lọ. Bákan náà ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe rí ibi ìsádi lábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830. Oko wọn ni àwọn ará Ìdànrè ń sọ̀kalẹ̀ lọ, wọ́n á sì tún ru iṣu àti omi gun òkè padà. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń sùn fọn-ín.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì lé ní 600. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe tijú láti jókòó níbẹ̀. Nígbà tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ lọ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa sáré bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, nígbà tí a fi máa dé ibi ìsinmi kejì, gbogbo wọn ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà kan ti bá wa, tó ru igi ìdáná, tó ń bọ̀ láti òkè. Ó kí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ mi, òkè kì í sá lọ." Ó sì kọjá lọ, kò tilẹ̀ mí gulegule.

Bí ẹ bá gun òkè tán, ẹ kọ́kọ́ yíjú padà. Ẹ ó rí òrùlé Odòde nísàlẹ̀ bí ẹní tí wọ́n sá sóòrùn, ẹ ó rí oko kòkó, ẹ ó sì rí òkè lẹ́yìn òkè títí ojú yóò fi sú yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ inú ìlú àtijọ́. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1896 wà níbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ronú nípa ọmọ tó ń kọ́ A, B, D lórí òkè yẹn nígbà náà, tí agogo ń lù, tí ìkùukùu ń gba ojú fèrèsé wọlé! Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù.

Afinimọ̀nà yóò tún fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn yín lára òkúta, àti Omi Apààrà, àti àwọn àmì kan tí wọ́n ń pè ní Ìwé Àìmọ̀kà, nítorí pé kò sí ẹni tó lè kà á. Wọ́n ní ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn a máa bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. N kò ní sọ fún yín bóyá mo ki ẹsẹ̀ tèmi bọ̀ ọ́.

Ìyá kan ní Ore sọ fún mi pé òun kò lè jẹ́ kí ọmọ òun lọ, pé òkè yẹn kì í ṣe ibi eré. Mo dá a lóhùn pé apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Àwọn ará Ìdànrè ṣì ń gun òkè lọ ṣe ọdún Òròṣùn ní ọdọọdún, ibojì àwọn baba wọn sì wà lókè. Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ láìní afinimọ̀nà. Ibi tó bá ní kí ẹ má dé, ẹ má dé ibẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣe ń hùwà nílé onílé náà ni kí a hùwà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tìtorí ìyẹn jókòó sílé, n kò gbà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju àǹjọ̀nú lọ ni omi. Ẹ ó rí ìlà dúdú gígùn lára àpáta, bí ẹni pé wọ́n da aró sí i láti òkè. Kì í ṣe aró. Ohun ẹlẹ́mìí tó kéré jọjọ ló ń hù sí ojú ibi tí omi ń gbà ṣàn. Nígbà tí ó bá gbẹ, ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó bá tutù, ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Inú òjò sì ni ìsinmi gígùn máa ń bọ́ sí. Nítorí náà, bí òjò bá rọ̀ ní òru, ẹ dúró di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Bí òjò bá ká yín mọ́ òkè, ẹ wọ abẹ́ òrùlé, ẹ má ṣe sá sí abẹ́ igi, ẹ má sì dúró lórí àpáta gbalasa, nítorí àrá. Àwọn kan ní kí a kúkú dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Òótọ́ ni pé àpáta a gbẹ nígbà náà, ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa bo ojú ọ̀run, ẹ kò sì ní rí ọ̀kánkán. Ní tèmi, òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò ti dá fún ọjọ́ méjì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dán, ẹ gbé omi mímu dání, ẹ di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, kí ẹ sì kó ewé rẹ̀ bọ̀ wálẹ̀.

Ojú omi yẹn náà ló sì ni ọ̀rọ̀ kan tó yà mí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé Òkè Ìdànrè nìkan ni wọ́n tíì rí i ní gbogbo ayé. Arne Schiøtz, ará ilẹ̀ Denmark, ló kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1963. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ogójì ọdún tí kò sí onímọ̀ kankan tó tún gbúròó rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé ó ti run. Ní ọdún 2014 ni Abiodun Onadeko ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn jáde pé àwọn ti tún rí i. Légbénlègbé rẹ̀, ìyẹn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ oníru, kì í gbé inú odò bí ti ọ̀pọ̀lọ́ ilé yín. Ara àpáta tó tutù ló máa ń lẹ̀ mọ́, nínú omi tín-ín-rín tó ń ṣàn. Ẹni tó bá wá fọ aṣọ ọlọ́ṣẹ níbẹ̀, tàbí tó da epo tàbí ìdọ̀tí sí ojú omi yẹn, ibi kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀lọ́ yìí ní láyé ló ń bàjẹ́.

Bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀lọ́ ni ó rí fún ìlú. Ilé amọ̀ ni àwọn ilé àtijọ́ yẹn. Nígbà tí òrùlé bá ti lọ, òjò a máa fọ ògiri wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àjọ UNESCO ti kọ orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó ń retí ipò ohun-ìní gbogbo ayé láti ọdún 2007. Sukur wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005. Ìdànrè ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, mo rí ibi tí àwọn àlejò ti fi èédú àti ọ̀dà kọ orúkọ wọn sára ògiri. Mo ka orúkọ náà, n kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, n kò sì fẹ́ mọ̀ wọ́n. Bí ó bá wù yín láti kọ nǹkan, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ, kí ẹ ya àwòrán òkè.

Àwọn kan ń ti òpin ayé wá gun Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania, tó ga tó mítà 5,895, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n sì fi ń gùn ún. Ìdànrè kò gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ, kò sì gba ìwé ìrìnnà.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá kó ọmọ lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka iye ìgbà tí ọwọ́ ọrùn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan kí ó tó gun òkè, kí ó tún kà á ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ara àti ìṣirò ni lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n sì ka àtẹ̀gùn. Iye tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn kì í bára mu: ẹlòmíràn á ní 640, ẹlòmíràn 660, ẹlòmíràn á sì fi díẹ̀ lé e. Bí ẹ bá lọ ní ìsinmi yìí, ẹ kà á nígbà tí ẹ bá ń gùn, ẹ tún un kà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀, kí ẹ sì kọ iye méjèèjì ránṣẹ́ sí mi ní ilé-iṣẹ́ rédíò yìí. Èmi yóò ka orúkọ àwọn tí iye tiwọn bá bára mu. Àkókò mi ti pé. Ó dàárọ̀ o.