Géèmù Orí Ẹ̀rọ: Kí Ni A Ń Fi Owó Wa Rà?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

 

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Ẹgbẹ́ wa kọ ìwé pé kí a mú díẹ̀ nínú owó àpò Ẹgbẹ́ láti ra ẹ̀rọ géèmù sí yàrá ìkàwé ìlú, ohùn kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan ní eré ọmọdé ni; àwọn mìíràn ní yóò gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní kí àwa olùkọ́ wá là á yé gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó ti lé ní 20 ọdún tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ, a kò sì tijú láti sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ kíláàsì wa a máa nà wá ní ànàbolẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀kan kúrò nílẹ̀. Eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn baba wa ta ayò lábẹ́ igi, ihò 12 àti ọmọ ayò 48, wọ́n ń ṣírò láìsí tádà, láìsí ìwé. Ní 1972 ni Atari ní Amẹ́ríkà gbé Pong jáde, tí kò ju igi kékeré méjì àti bọ́ọ̀lù kan tí ń lọ tí ń bọ̀ lójú ẹ̀rọ. Nintendo ti ilẹ̀ Japan ti wà láti 1889, káàdì ìṣeré ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe tà. Eré ti wà tipẹ́, nítorí náà. Ọ̀nà tí a ń gbà tà á ni ó yí padà, níbẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti ń bà wá.

Ẹ wo ìròyìn rẹ̀ ná. Ní 1982, gbogbo Amẹ́ríkà fẹ́ràn fíìmù kan tí ń jẹ́ E.T. Atari sanwó ńlá láti fi orúkọ fíìmù náà ṣe géèmù, ó sì fún Howard Scott Warshaw ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré láti ṣe é, kí ó lè bá ọjà Kérésìmesì. Ta ni ó lè fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní là? Ìpolówó kún ìgboro, àwọn òbí rà á fún ọmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é, inú kòtò ni wọ́n ń já sí ṣáá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kò tà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1983, Atari fi ọkọ̀ ńlá kó ẹrù géèmù lọ sí ààtàn ìlú Alamogordo ní New Mexico, wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ àwọn kan ń sọ pé àlọ́ ni, àfi ìgbà tí a wú ilẹ̀ náà ní oṣù Kẹrin 2014 tí a sì bá wọn níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ayé ti gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, kí ó wo 2020. Ilé-iṣẹ́ CD Projekt ti ilẹ̀ Pólàndì ti kéde Cyberpunk 2077 láti 2012. Odidi ọdún mẹ́jọ ni a fi ń gbọ́ òkìkí rẹ̀, àwọn tí ó sì san owó sílẹ̀ kí ó tó jáde lé ní mílíọ̀nù 8. Àwọn oníròyìn tí a fún ní géèmù náà ṣáájú rí ti orí kọ̀ǹpútà nìkan, èyí tí ó ṣe dáadáa díẹ̀. A kò fi ti orí PlayStation 4 àti Xbox One hàn wọ́n. Ìyìn wọn sì tàn káàkiri. Nígbà tí ó jáde ní 10 oṣù Kejìlá, orí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyí ni ó ti ń kú tí ó ń jí, débi pé kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Sony fi yọ ọ́ kúrò ní ọjà rẹ̀, tí ó sì ń dá owó padà. Kí a má baà rẹ́ wọn jẹ, a ní láti fi kún un pé wọ́n tún un ṣe fún ọdún mélòó kan, ó sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ra ojúlówó ní owó pọ́ọ́kú; ẹni tí ó sáré ni ó ra wàhálà ní ọ̀wọ́n.

A kò pe àwọn oníròyìn géèmù ní òpùrọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta géèmù ni wọ́n ti ń rí géèmù gbà ṣáájú, ibẹ̀ náà ni owó ìpolówó ti ń wá; ẹni tí ó bá sì bú wọn jù lè má rí òmíràn gbà. Oníọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kígbe pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ti rà. Nítorí náà ìròyìn tí ó bá ṣáájú ọjà, ìpolówó ni kí a kà á sí. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti àwa tí ń ṣe géèmù fúnra wa, tí a ń bú ara wa nítorí pé ọ̀kan ra ti Sony, èkejì ra ti Microsoft, bí ẹni pé ìdílé wa ni ó ni ilé-iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni ti ohun ìní. Ní oṣù Kejìlá 2014, Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé The Crew jáde, eré ọkọ̀ sísá ni. A tà á bí a ti ń ta bàtà, owó ni ẹ, ọjà ni ẹ. Ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ láìkàn sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, bí ènìyàn tilẹ̀ ń dá nìkan ṣeré. Ní 31 oṣù Kẹta 2024 wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó ní sídì rẹ̀ lọ́wọ́ kò ní ju awo lásán lọ. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbẹ́ ọpọ́n ayò tà fún wa, ǹjẹ́ ó lè padà wá lóru ọdún kẹwàá láti kó ọmọ ayò lọ, kí ó ní ọpọ́n nìkan ni òun fi sílẹ̀ fún wa?

Ará Amẹ́ríkà kan, Ross Scott, gbé ìpolongo Stop Killing Games dìde lórí rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2024, àwọn ará Yúróòpù tí ó fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sì kọjá mílíọ̀nù kan ní 2025. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní owó ńlá ni ó ń gbà láti máa dá irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n dá a sí títí ayé; ohun tí a bẹ̀ wọ́n ni pé bí wọ́n bá ń lọ, kí wọ́n fi géèmù sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tí ó rà á yóò fi lè máa ṣe é. Ní Kalifóníà, òfin kan ti múlẹ̀ láti 1 oṣù Kíní 2025 pé ẹni tí ń ta irú ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà ní gbangba pé àṣẹ àtilò ni ó ń tà fún un. Ní ti àwọn tí ń rà lórí Steam, àdéhùn wọn kò gbà kí a fi ohun tí a rà síbẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ohun tí bàbá fi owó rà, tí ọmọ kò lè jogún!

Ti tẹ́tẹ́ kù. Nínú àwọn géèmù kan, a ń fi owó gidi ra àpótí tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú ti bọ́ọ̀lù, agbábọ́ọ̀lù ni a ń retí. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, géèmù tuntun a dé, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ní 2018 ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù ní tẹ́tẹ́ ni irú rẹ̀, Electronic Arts sì dáwọ́ títa á dúró níbẹ̀ ní 2019. Ọmọ tí a lé kúrò ní ìsọ̀ tẹ́tẹ́ lè jókòó sórí àga ìyá rẹ̀ kí ó máa ta á, pàápàá bí nọ́ńbà káàdì báǹkì òbí bá wà nínú ẹ̀rọ.

Nítorí náà, lójú tiwa, kí Ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ náà. Àlòkù tí ó dára tó. Kí a ra géèmù orí sídì, kí a sì dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì ní pípa kí a tó san owó. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a dá a padà fún olówó rẹ̀. Kí a má ṣe fi káàdì báǹkì kankan sínú rẹ̀ láéláé. Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀ tí ẹ fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra géèmù sí orúkọ ara yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a lè dì sínú àpò ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí láti ìgbà tí Nintendo Switch 2 ti jáde ní 2025, àwọn káàdì géèmù kan wà tí kọ́kọ́rọ́ nìkan wà nínú wọn, tí géèmù fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí a ra ọpọ́n ayò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà tí iná bá lọ, nítorí epo jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú ìṣirò àwọn ọ̀dọ́. Bí ilé bá sì fi ọwọ́ sí i, àwa olùkọ́ yóò máa ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà ní ọ̀sán Sátidé, láti aago mẹ́ta títí di aago mẹ́fà.