Ohun tí Kò Dá Dúró: Ìṣòro Títúmọ̀ Ìmọ̀ Búdà sí Èdè Yorùbá



N kì í ṣe ẹlẹ́sìn Búdà, n kò sì wá síhìn-ín láti wàásù. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí. Ìwé kan ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Milindapañha ni orúkọ ìwé náà, èyí ni àwọn ìbéèrè Milinda. Ní èdè Pali ni ó wà, T. W. Rhys Davids sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní apá méjì, ní 1890 àti 1894. Milinda tí ń bèèrè nínú rẹ̀ ni Menander, ọba Gíríìkì tí ó jọba ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Íńdíà ní ọ̀rúndún kejì kí a tó bí Jésù. Ẹni tí ń dá a lóhùn ni Nagasena, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ilé àti ohun ìní sílẹ̀ láti tọ ọ̀nà Búdà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo túmọ̀ abala kan nínú ìwé yìí fún kíláàsì mi. Níbi tí Nagasena ti sọ fún ọba pé orúkọ lásán ni orúkọ òun, pé kò sí ẹnì kan tí a lè rí mú lẹ́yìn rẹ̀, mo gé e kúrú: mo kọ ọ́ pé ènìyàn kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí n kò bá sí, ta ni ẹ máa fún ní máàkì?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí dáadáa lóru ọjọ́ náà, nítorí pé ìbéèrè ọba gan-an ni ọmọ náà béèrè láìtíì ka ibẹ̀. Ọba fẹ́ mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá sí, ta ni ó ń gba aṣọ tí a fi ta wọ́n lọ́rẹ, ta ni ó ń pa òfin mọ́, ta ni ó sì jẹ̀bi bí a bá pa ènìyàn? Ìtumọ̀ mi ti sọ ìmọ̀ ńlá di àwàdà. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti Nagasena.

Èsì Nagasena kò le. Ó bi ọba bóyá ẹsẹ̀ ni ó fi rìn wá tàbí kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ọba ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni. Nagasena wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tú kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀. Ṣé ọ̀pá iwájú ni kẹ̀kẹ́? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń yí ni? Igi tí ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ńkọ́? Àjàgà ńkọ́? Ìjánu ńkọ́? Ọba ń dáhùn pé rárá. Ǹjẹ́ nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn gbogbo wọn tí í ṣe kẹ̀kẹ́? Rárá. Nagasena ní a jẹ́ pé ọba purọ́ nìyẹn, kò sí kẹ̀kẹ́ tí ó gbé e wá. Ọba kò gbà. Ó ní nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí wà pọ̀ ni a ṣe ń pè wọ́n ní kẹ̀kẹ́. Nagasena dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tòun náà rí.

Kẹ̀kẹ́ tí kò sí kò lè gbé ọba. Ohun tí kò sí ni kẹ̀kẹ́ kan tí ó dá wà lọ́tọ̀, lẹ́yìn igi àti irin tí a fi kàn án.

Nagasena kọ́ ni ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Siddhartha Gautama, ẹni tí a ń pè ní Búdà, ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún ní Sarnath, lẹ́bàá Varanasi. Ó pín ohun tí à ń pè ní “èmi” sí ìdì márùn-ún: ara, ìmọ̀lára, ì báà dùn, ì báà korò, ìdámọ̀, tí a fi ń mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú, àwọn ìtẹ̀sí ọkàn tí ń tì wá hùwà, àti òye tí ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ti béèrè bóyá ó máa ń dúró, àti bóyá ó ń gba àṣẹ wa. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí mo ń pàṣẹ fún orúnkún mi tí kò gbọ́, n kò nílò ẹlẹ́rìí lórí ìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, Nagarjuna, òun náà ọmọ Íńdíà, fẹ ọ̀rọ̀ náà dé orí ohun gbogbo, títí kan ẹ̀kọ́ Búdà fúnra rẹ̀. Śūnyatā ni ó pè é ní èdè Sanskrit. “Òfo” ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu olùtumọ̀. N kò fara mọ́ ọn. Létí Yorùbá, òfo ni ti ẹni tí ó lọ sọ́jà tí ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo, òfò pàápàá kò sì jìnnà sí i. Nagarjuna kò sọ pé ayé ṣófo. Ohun tí ó sọ ni pé kò sí ohun tí ó lè wà àfi nípa òmíràn. “Àìdádúró” ni èmi dábàá. Ẹ tẹ́tí sí i: ohun tí kò dá dúró ni ohun tí ó nílò nǹkan mìíràn kí ó tó lè wà. Bí a bá sì yọ “dá” kúrò, “àìdúró” ni ó kù, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ́ Búdà kejì, pé kò sí ohun tí ó ń wà títí. Ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan ni wọ́n ń lò fún un ní Pali. Inú “dúró” kan ṣoṣo ni Yorùbá ti mú méjèèjì jáde.

Ìṣòro tí ó kàn tóbi ju èyí lọ, nítorí pé inú ilé ni ó wà. Bí a bá sọ fún Yorùbá pé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbà pé a ń tún ayé wá, yóò ní òun ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyàwó àbúrò mi bí ọkùnrin kí ọdún tó yí po, a sì sọ ọ́ ní Babátúndé. Ìyá mi a gbé e lé ẹsẹ̀, a máa wo iwájú orí rẹ̀, a sì máa kí i bí a ti ń kí ọkọ ẹni. Lójú tirẹ̀, ẹnì kan rìnrìn àjò, ó sì ti dé. Nagasena kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi iná fìtílà kan tan òmíràn, kí ni ó kúrò nínú ti àkọ́kọ́ bọ́ sínú ti kejì? Kò sí ohun tí ó ṣí lọ. Síbẹ̀, láìsí ti àkọ́kọ́, ti kejì kò ní tàn.

Ọba bèèrè bóyá èyí kò já ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹlẹ́ṣẹ̀. Nagasena fi olè mángòrò dá a lóhùn. Olè náà lè sọ pé èso tí òun ká kọ́ ni olóko gbìn. Òótọ́ ni yóò sọ, ìyà yóò sì tọ́ sí i, nítorí pé inú ti ìṣáájú ni ti ìkẹyìn ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé àpẹẹrẹ yìí wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi pé ẹni tí ó ṣe ìdánwò àti ẹni tí ó gba èsì kì í ṣe ọ̀kan náà pátápátá, síbẹ̀ òun ni ó ni máàkì náà.

N kò sọ ọ̀rọ̀ fìtílà fún ìyá mi. Kò tilẹ̀ dá mi lójú pé èmi fúnra mi fẹ́ kí Nagasena jàre.

Ó ku nirvana, tí ó túmọ̀ sí kíkú iná: iná ojúkòkòrò, iná ìkórìíra àti iná àìmọ̀. Ẹnì kan tí ń jẹ́ Vacchagotta bi Búdà pé níbo ni ẹni tí iná wọ̀nyí ti kú nínú rẹ̀ ń lọ lẹ́yìn ikú. Búdà bi òun náà pé, bí iná bá kú níwájú rẹ̀ nítorí pé igi tán, ìhà wo ni ó gbà lọ? Vacchagotta rí i pé ìbéèrè náà kò bá a mu. Àwa náà ń sọ pé iná kú, ṣùgbọ́n a kì í wá sàréè rẹ̀.

Fún ẹni tí ó dé ibẹ̀, “ọ̀làjú” ni àwọn kan ì bá fẹ́ lò. Ṣùgbọ́n ọ̀làjú ni ti ilé-ìwé, ọ̀nà ọ̀dà àti iná mànàmáná, àwọn ohun tí a ń kó jọ. Ìtumọ̀ Búdà ni ẹni tí ó ti jí. Ẹni tí ó jí lójú oorun kò kó nǹkan jọ. Àlá nìkan ni ó sọnù. Nítorí náà, “jíjí” ni mo kọ sínú ìtumọ̀ mi tuntun, àfi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rán mi létí pé olè mángòrò náà jí nǹkan. N kò tíì rí ọgbọ́n dá sí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù, mo ń retí rẹ̀ ní àkókò ìbéèrè.